Kí Ló Pa Ti Àkọ́kọ́? Ọ̀rọ̀ Àsọyé Lórí Ọ́ìlì Síìlì Inú Ọkọ̀ Kékeré

Ẹ̀yin ọ̀gá mi lẹ́nu iṣẹ́, ẹ̀yin awakọ̀ tí ẹ fi iṣẹ́ òòjọ́ yín sílẹ̀ wá jókòó, àti ẹ̀yin ọmọ iṣẹ́ tí ẹ ṣì ń kọ́ bí a ṣe ń di sípánà mú, mo kí yín, ẹ kú ìjókòó. Wọ́n ní kí n wá sọ̀rọ̀ lórí ọ́ìlì síìlì, òrùka kékeré tí kì í jẹ́ kí ọ́ìlì jò jáde níbi tí ọ̀pá tó ń yí ti yọ síta lára ẹ́ńjìnnì tàbí gíábọ́ọ̀sì, inú mi sì dùn sí i, nítorí pé láti ọjọ́ tí mo ti ń tún ọkọ̀ ṣe, n kò tíì rí ohun èlò kan tí ó kéré tó o tí ó sì ń ba owó oníbàárà àti orúkọ mẹkáníìkì jẹ́ tó o. Àwọn àgbà ní abẹ́rẹ́ kéré lóòótọ́, kì í ṣe mímì fún adìẹ. Síìlì tí a lè fi sínú àpò ẹ̀wù lè sọ odidi ẹ́ńjìnnì di ẹrù àwọn tó ń ra irin àlòkù.

Ìbéèrè kan wà tí mo máa ń bi ara mi kí n tó fi sípánà kan nọ́ọ̀tì kankan lára ọkọ̀ tí wọ́n bá gbé wá pé ó ń jo ọ́ìlì: kí ló pa síìlì tó wà níbẹ̀? Ọ̀pọ̀ nínú wa kì í béèrè. A óò rí ọ́ìlì lẹ́yìn púlì, ìyẹn kẹ̀kẹ́ irin tí bẹ́líìtì gùn níwájú ẹ́ńjìnnì, a óò ní síìlì iwájú ti lọ, a óò ra òmíràn, a óò gbá a wọlé, a óò sì gbowó. Kí oṣù méjì tó pé, ọ̀nà kan náà ni ọ́ìlì yóò tún gbà jáde, oníbàárà yóò sì máa sọ fún gbogbo ẹni tó bá rí pé ọjà ayédèrú ni a fi sí ọkọ̀ òun. Nígbà mìíràn, òótọ́ ló sọ. Ṣùgbọ́n nínú ohun tí ojú mi ti rí, síìlì kì í sábà jẹ̀bi. Ohun mìíràn ló pa á, ohun náà sì wà níbẹ̀ tí ó ń dúró de èyí tuntun.

Ọkọ̀ tí n óò máa tọ́ka sí jù ni Nissan Micra, oríṣi tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe ní Sunderland ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní ọdún 1992, tí ó gba àmì ẹ̀yẹ ọkọ̀ tó dára jù lọ ní Yúróòpù fún ọdún 1993, tí ó sì wá di takisí ìgboro Ìbàdàn títí tí orúkọ rẹ̀ fi di orúkọ takisí fúnra rẹ̀ lẹ́nu àwọn èrò. Ẹ́ńjìnnì rẹ̀ kò tóbi. Èyí tí a sábà máa ń rí níbí jẹ́ lítà 1.0 tàbí 1.3, fáàfù 16 ló ní, ṣéènì ló sì ń yí káàmù tó ń ṣí àwọn fáàfù náà, kì í ṣe bẹ́líìtì. Ẹ jẹ́ kí a ka síìlì inú rẹ̀. Ọ̀kan wà níwájú kíráǹkì, ìyẹn ọ̀pá ńlá tí písítìnì ń yí nínú ẹ́ńjìnnì, lẹ́yìn púlì. Ọ̀kan wà lẹ́yìn kíráǹkì, níbi tí ẹ́ńjìnnì ti pàdé gíábọ́ọ̀sì. Méjì wà níbi tí ṣáàfù taya ọ̀tún àti ti òsì ti wọ gíábọ́ọ̀sì, ọ̀kan wà níbi tí ọ̀pá tó ti inú kílọ́ọ̀ṣì wá ti wọ inú gíá, ọ̀kan wà lára ọ̀pá tí a fi ń yan gíá, àwọn kéékèèké 16 sì tún jókòó sórí fáàfù. Bí ọkọ̀ bá jẹ́ tòkunbọ̀, ó ṣeé ṣe kí púpọ̀ nínú wọn jẹ́ èyí tí wọ́n bí mọ́ ọn.

Mo mú méjì wá, tuntun kan àti àlòkù kan, kí ẹ lè máa fi ojú tẹ̀lé ohun tí mo ń sọ. Òrùka irin ni, tí wọ́n fi rọ́bà bò. Ní etí inú rẹ̀, rọ́bà náà fẹ́lẹ́, ó sì mú ṣáṣá. Ibẹ̀ ni à ń pè ní ètè. Lẹ́yìn ètè, ní ẹ̀gbẹ́ tí yóò kọjú sí ọ́ìlì, ẹ óò rí sípíríìnì kan tí kò nípọn ju okùn gìtá lọ, tí wọ́n so yípo bí ìlẹ̀kẹ̀ ìdí ọmọdé. Iṣẹ́ rẹ̀ ni láti máa fún ètè mọ́ ọ̀pá, kí ó má baà dẹ̀ bí rọ́bà ṣe ń dàgbà. Ọ̀pọ̀ síìlì tún ní ètè kékeré kejì tó kọjú síta, tí kò ní sípíríìnì, tí iṣẹ́ rẹ̀ kò ju pé kí ó lé eruku àti ẹrẹ̀ sẹ́yìn.

Ọ̀pọ̀ ènìyàn gbà pé ńṣe ni síìlì ń dí ọ̀nà pa bí ìgbà tí a bá fi ìdérí dé ìgò. Kò rí bẹ́ẹ̀, nítorí pé ìgò kì í yí. Kíráǹkì ń yí, kódà bí ọkọ̀ bá dúró sójú kan tí ẹ́ńjìnnì rẹ̀ ń ṣiṣẹ́, yóò máa yí tó ìgbà 700 sí 900 láàrin ìṣẹ́jú kan. Ẹ jẹ́ kí a ṣírò rẹ̀ papọ̀. Bí ibi tí ètè ti kan ọ̀pá bá fẹ̀ tó mìlímítà 35 láti ẹ̀gbẹ́ kan sí èkejì, ìyípo kan jẹ́ nǹkan bíi mìlímítà 110. Bí ẹ́ńjìnnì bá wá ń yí ní ìgbà 3,000 láàrin ìṣẹ́jú kan, mítà 330 ni irin yóò fi gbo ètè ní ìṣẹ́jú kọ̀ọ̀kan, ìyẹn sì fẹ́rẹ̀ẹ́ tó kìlómítà 20 ní wákàtí kan. Láàrin wákàtí mẹ́ta, ètè rọ́bà tí kò kúrò lójú kan ti rin ìrìn bíi ti Ìbàdàn sí Ọ̀yọ́. Rọ́bà wo ni irin yóò máa gbo báyìí lójoojúmọ́ tí kò ní jóná?

Ohun tí kò jẹ́ kí ó jóná ni ọ́ìlì fúnra rẹ̀. Láàrin ètè àti ọ̀pá, ọ́ìlì kan wà níbẹ̀ tí ó fẹ́lẹ́ tó bẹ́ẹ̀ tí kò ju nǹkan bí ìdá kan nínú ẹgbẹ̀rún mìlímítà lọ, irun orí ènìyàn sì nípọn jù ú lọ lọ́nà púpọ̀púpọ̀. Orí ọ́ìlì yìí ni ètè ń gùn, bí ọkọ̀ ojú omi ṣe ń gun omi. Kí wá ni kò jẹ́ kí ọ́ìlì náà ṣàn jáde? Bí wọ́n ṣe gé ètè ni. Ìdagẹ̀rẹ́ rẹ̀ tó kọjú sí ọ́ìlì ga, èyí tó kọjú síta sì tẹ́. Ìyàtọ̀ yìí ló ń mú kí ètè máa fa ọ́ìlì tó bá fẹ́ yọ́ jáde padà sínú bí ọ̀pá ṣe ń yí. Nítorí náà, ẹni tó bá fi síìlì sódì kò wulẹ̀ ṣi ẹ̀gbẹ́ mú. Ó ti sọ ohun tó ń fa ọ́ìlì wọlé di ohun tó ń fà á jáde, kò sì sí gọ́ọ̀mù tí ó lè tún ìyẹn ṣe.

Awọ ẹran ni wọ́n kọ́kọ́ fi ń ṣe síìlì oníyìípo bí èyí. Ilé iṣẹ́ Freudenberg ní ìlú Weinheim, ní Jámánì, tí iṣẹ́ awọ ni wọ́n fi bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 1849, bẹ̀rẹ̀ sí í fi awọ ṣe é ní 1929, orúkọ ẹnjiníà kan tó ń jẹ́ Walther Simmer ló sì wà nínú Simmerring tí àwọn ará Jámánì ṣì ń pè é títí di òní. Ní 1936, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í lo rọ́bà àtọwọ́dá. Mo mẹ́nu ba ìtàn yìí nítorí pé rọ́bà àtọwọ́dá kì í ṣe oríṣi kan ṣoṣo, ọ̀pọ̀ wa sì ń rà á bí ẹni pé oríṣi kan ṣoṣo ni. Èyí tí wọ́n ń pè ní nitrile ló wọ́pọ̀ jù, owó rẹ̀ sì mọ níwọ̀n. Ó ń ṣe dáadáa títí ooru fi tó nǹkan bí 100 lórí òṣùwọ̀n Celsius, ṣùgbọ́n bí ooru bá ju bẹ́ẹ̀ lọ fún ìgbà pípẹ́, yóò bẹ̀rẹ̀ sí í le. Polyacrylate lè fara da nǹkan bí 150. Èyí tí àwọn ọlọ́jà mọ̀ sí Viton lè dé nǹkan bí 200. Bẹ́ẹ̀ sì ni, ọ́ìlì inú ẹ́ńjìnnì tó há sínú sún-kẹrẹ-fà-kẹrẹ ní Ìwó Road lọ́sàn-án oṣù kẹta kì í pẹ́ kọjá 100.

Ẹ wo àlòkù tí mo mú wá yìí. Mo fi èékánná tẹ ètè rẹ̀, kò tẹ̀. Mo fi kan orí tábìlì, ó dún bí ike. Ẹ wá fi ọwọ́ kan tuntun, ó rọ̀ bí etí ọmọ ọwọ́. Èyí tó le náà kò ya, kò sì gé níbì kankan, ṣùgbọ́n kò lè tẹ̀ lé ọ̀pá mọ́. Bí ọ̀pá bá gbọ̀n díẹ̀, àlàfo yóò ṣí, ọ́ìlì yóò sì gba ibẹ̀ jáde. Irú ikú yìí ni ikú ọjọ́ orí àti ti ooru, òun nìkan sì ni mo mọ̀ tí a lè fi síìlì tuntun tó dára wò sàn láìwá ohun mìíràn kiri.

Àwọn ikú yòókù ní ẹni tó rán wọn. Bí bẹ́ríìnì tó gbé ọ̀pá dúró bá ti jẹ, ọ̀pá yóò máa jó lójú kan, ètè tuntun kò sì lè sáré tẹ̀ lé e ju ètè àtijọ́ lọ. Ẹ fi ọwọ́ méjèèjì di púlì mú, kí ẹ gbé e sókè sódò. Bí ẹ bá gbọ́ kọ̀-kọ̀-kọ̀, ọ̀rọ̀ ti kúrò ní ti síìlì. Bí ọ́ìlì bá dọ̀tí nítorí pé a kò pààrọ̀ rẹ̀ lásìkò, ìdọ̀tí náà yóò di sáńpépà láàrin ètè àti irin. Àṣà kan sì wà tí mo bẹ̀ yín kí a jọ jáwọ́ nínú rẹ̀, ìyẹn fífi epo bẹntiróòlù fọ ẹ́ńjìnnì. Yàtọ̀ sí pé iná lè ṣẹ́ yọ kí ó sì jó ènìyàn, epo náà ń gbé iyanrìn wọ abẹ́ ètè eruku, ó ń fọ ọ́ìlì tí ètè ń gùn kúrò, lẹ́yìn náà ni a óò wá sítáàtì ẹ́ńjìnnì náà nígbà tí ibẹ̀ gbẹ táútáú.

Ṣùgbọ́n apani tí a kì í fura sí, tí mo sì fẹ́ kí a dúró lé lórí díẹ̀, ni afẹ́fẹ́ inú ẹ́ńjìnnì. Ní ọdún mélòó kan sẹ́yìn, awakọ̀ takisí kan gbé Micra rẹ̀ wá bá mi, ó ní síìlì iwájú ń jo. Ibòmíràn ni wọ́n ti fi ọ̀kan sí i kí ó tó wá. Èmi fúnra mi ni mo fi èkejì sí i, ojúlówó ni mo lò, mo sì fi sùúrù ṣe é. Kò pé ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tí ó tún padà dé. Kò bínú, kò pariwo. Ó dúró lẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù, ó ní, "Ọ̀gá, ó tún ti bẹ̀rẹ̀ o." Gbólóhùn yẹn dùn mí ju èébú lọ, nítorí pé ó ti fọkàn tán mi. Nígbà tí mo tú púlì, mo rí i pé síìlì náà ti yọ síwájú nínú ihò rẹ̀ tó nǹkan bíi mìlímítà méjì, bí ìgbà tí ènìyàn bá fi àtàǹpàkò tì í láti inú. Mo wò ó títí. Kò sí ẹni tó lè wà nínú ẹ́ńjìnnì kí ó ti síìlì síta, bí kò ṣe afẹ́fẹ́.

Nínú gbogbo ẹ́ńjìnnì, bí ó ti wù kí ó dára tó, díẹ̀ nínú èéfín tí ń gbá písítìnì wálẹ̀ máa ń yọ́ kọjá ríìngì tó yí písítìnì ká, bọ́ sínú àyè tí kíráǹkì wà. Àwọn tó ṣe ẹ́ńjìnnì mọ̀ bẹ́ẹ̀, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ṣe ọ̀nà èémí fún un: rọ́bà kan àti fáàfù kékeré kan tí ń gba èéfín náà padà lọ síbi tí afẹ́fẹ́ ń gbà wọ ẹ́ńjìnnì, kí ó lè jóná níbẹ̀. Bí ọ̀nà yìí bá dí, èéfín kò ní ibi tí yóò gbà jáde mọ́, yóò máa kóra jọ, yóò sì wá ibi tí ó rọ̀ jù lọ. Ibi tí ó rọ̀ jù lọ ni ètè síìlì. Mo yọ rọ́bà èémí Micra náà, mo fẹnu fẹ́ ẹ, atẹ́gùn kò gba inú rẹ̀ kọjá. Mo fi wáyà gún un, ohun tó jáde dúdú, ó sì ki bí àmàlà tó ti sùn. Mo fọ rọ́bà náà, mo pààrọ̀ fáàfù kékeré náà, mo fi síìlì kẹta sí i, n kò sì gba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ rẹ̀, torí pé owó tó san fún èkejì ni ó yẹ kí ó ti ra ìwádìí yẹn fún un.

Ìdánwò kan wà tí ẹ̀yin awakọ̀ lè ṣe fúnra yín. Ẹ jẹ́ kí ẹ́ńjìnnì gbóná, kí ó máa ṣiṣẹ́ jẹ́ẹ́ láìsí ẹni tó tẹ̀ ẹ́. Ẹ ṣí ìdérí ibi tí a ń rọ ọ́ìlì sí, ẹ mú ọ̀rá fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ kan, ẹ na án bo ẹnu ihò náà, ẹ dì í mú dáadáa kí ó má baà kó wọnú, kí ẹ sì ká apá aṣọ yín sókè kí bẹ́líìtì má baà fà á. Bí ọ̀rá náà bá wọnú díẹ̀, ara ẹ́ńjìnnì le. Bí ó bá wú bíi fèrè tí ọmọdé ń fẹ́ lọ́jọ́ ọdún, afẹ́fẹ́ ti há síbẹ̀. Ẹ fọ ọ̀nà èémí, ẹ gbọn fáàfù kékeré náà kí ẹ gbọ́ bóyá ohun inú rẹ̀ ṣì ń mì kìrìkìrì, kí ẹ sì tún ìdánwò náà ṣe. Bí ọ̀nà bá mọ́ tónítóní tí ọ̀rá sì ń wú síbẹ̀, ríìngì ti jẹ, èéfín tó ń bọ̀ sì ti ju ohun tí ọ̀nà lè gbà lọ. Síìlì tuntun tí a bá fi sí irú ẹ́ńjìnnì bẹ́ẹ̀, owó la sọ sínú omi.

Ṣé síìlì ló tilẹ̀ ń jo? Ọ́ìlì kì í gbé ojú kan. Ó ń ṣàn wá sísàlẹ̀, atẹ́gùn ìrìn ọkọ̀ sì ń fẹ́ ẹ sẹ́yìn, tó bẹ́ẹ̀ tí ọ́ìlì tó ti orí ẹ́ńjìnnì jáde, láti abẹ́ gáásíkẹ́ẹ̀tì ìdérí fáàfù, ìyẹn ohun pẹlẹbẹ tí wọ́n fi sáàrin ìdérí náà àti ẹ́ńjìnnì kí ọ́ìlì má baà jò, yóò ro sílẹ̀ níbi tí ènìyàn yóò ti búra pé síìlì ẹ̀yìn ni. Mo ti rí ibi tí wọ́n ti sọ gíábọ́ọ̀sì kalẹ̀ nítorí gáásíkẹ́ẹ̀tì tí a lè dé láìwọ abẹ́ ọkọ̀. Ẹ fọ ibẹ̀ mọ́, ẹ jẹ́ kí ó gbẹ, ẹ da pàúdà ọmọdé sí i fẹ́ẹ́rẹ́, kí ẹ wa ọkọ̀ fún ìgbà díẹ̀, kí ẹ sì bẹ̀rẹ̀ láti òkè wò ó wá sísàlẹ̀. Ibi tó ga jù lọ tí pàúdà ti rin ni orísun rẹ̀. Bí ó bá jẹ́ láàrin ẹ́ńjìnnì àti gíábọ́ọ̀sì ló ti ń ro, ẹ fi ìka kàn án, kí ẹ gbóòórùn rẹ̀. Ọ́ìlì ẹ́ńjìnnì dúdú, òórùn rẹ̀ kò ju ti ohun tó jóná díẹ̀ lọ, síìlì ẹ̀yìn kíráǹkì ló rán an. Ọ́ìlì gíá aláfọwọ́yí ki, ó sì ń rùn gan-an, òórùn bíi ti imí ọjọ́, síìlì ọ̀pá gíá ló rán ìyẹn. Bí gíá bá jẹ́ èyí tó ń yan ara rẹ̀, ọ́ìlì pupa ni yóò sábà jáde.

Nígbà tí ẹ bá dé ọjà Àràrọ̀mí ní Agodi Gate, tàbí Ládiípọ̀ ní Èkó, ẹ rántí pé gbogbo alángbá ló dakùn délẹ̀, a kò mọ èyí tí inú ń run. Ẹ mú èyí àtijọ́ dání. Nọ́ńbà mẹ́ta ló sábà máa ń wà lójú rẹ̀: fífẹ̀ inú, fífẹ̀ ìta, àti nínípọn, gbogbo rẹ̀ ní mìlímítà. Ṣùgbọ́n kí nọ́ńbà bára mu kò tíì tó, nítorí pé àwọn síìlì kan ní ìlà gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ lábẹ́ ètè wọn, tí wọ́n sì ní ọfà tó ń tọ́ka sí ibi tí ọ̀pá gbọ́dọ̀ máa yí sí. Ti ọ̀tún lè má ṣe dáadáa ní òsì. Ẹ wo ètè lójú oòrùn. Bí ó bá ní eyín tàbí ojú gígé, ẹ dá a padà. Ẹ fi ìka yí i ká kí ẹ mọ̀ pé sípíríìnì jókòó yíká. Àwọ̀ kò ṣeé gbára lé, ẹnikẹ́ni lè pa rọ́bà láwọ̀ igi tàbí àwọ̀ ewé kí ó sì pè é ní Viton. Ní ti síìlì tòkunbọ̀ tí wọ́n yọ lára ẹ́ńjìnnì mìíràn, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi ojú wò ó rárá.

A wá dé ìdí iṣẹ́. N óò fi síìlì iwájú ṣe àpẹẹrẹ, nítorí pé òun ni ènìyàn lè ṣe láìsọ ohun ńlá kalẹ̀. Ẹ fi jáàkì gbé ọkọ̀, kí ẹ sì fi ẹsẹ̀ irin gbé e dúró, kì í ṣe òkúta, kì í ṣe ríìmù taya, nítorí pé a ti sin ènìyàn lórí ìyẹn. Ẹ yọ taya tó wà ní ẹ̀gbẹ́ bẹ́líìtì, ẹ tú bẹ́líìtì, ẹ tú bóòtì púlì, ẹ sì fa púlì jáde ṣinṣin láìfi òòlù gbá etí rẹ̀. Kí ẹ tó fọwọ́ kan síìlì, ẹ wọn bí ó ti wọlé tó nínú ihò rẹ̀, ẹ kọ ọ́ sílẹ̀. Ọ̀nà tí mo fẹ́ràn jù láti yọ ọ́ ni pé kí a lu ihò kékeré sí ojú irin rẹ̀, kí a yí ìṣó tí à ń pè ní sukúrúù sí i, kí a sì fi púláyà fa ìṣó náà. Ẹni tó bá fẹ́ lo sukudiráífà gbọ́dọ̀ fi téèpù wé ẹnu rẹ̀, nítorí pé ìlà kan ṣoṣo tí irin bá fà sára ọ̀pá ni ọ́ìlì yóò máa gbà jáde títí ayé.

Ìgbà tí síìlì bá jáde ni ìbéèrè mi tún padà. Ẹ nu ọ̀pá mọ́, kí ẹ fi èékánná wọ́ ọ láti iwájú lọ sẹ́yìn. Bí èékánná bá kọsẹ̀ nínú kòtò tẹ́ẹ́rẹ́ tó yí i ká, ètè àtijọ́ ti gbẹ́ irin. Ó yani lẹ́nu pé rọ́bà lè gbẹ́ irin, ṣùgbọ́n ìdọ̀tí tó há sábẹ́ rẹ̀ ló ń ṣe é, bí omi odò ṣe ń fi yanrìn gbẹ́ òkúta. Nínú ọ̀pọ̀ ẹ́ńjìnnì kékeré, ọrùn púlì gan-an ni ètè síìlì iwájú ń gùn, kì í ṣe kíráǹkì, ìròyìn ayọ̀ sì nìyẹn, nítorí pé a lè pààrọ̀ púlì nìkan. Bí ó bá jẹ́ ara ọ̀pá ni kòtò wà, a lè ti síìlì wọlé tàbí kí a fà á síta tó mìlímítà kan kí ètè lè gun ibi tí kò tíì jẹ, bí àyè bá wà tí kò sì ní dí ihò ọ́ìlì. Bí kò bá sí àyè, ẹ̀wù irin fẹ́lẹ́ kan wà tí wọ́n ń tì bọ ọ̀pá náà lọ́rùn, tí yóò fún ètè ní ojú tuntun.

Fún fífi tuntun sí i, ẹ nu ihò gbẹ, ẹ fi ọ́ìlì ẹ́ńjìnnì pa ètè, ẹ fi gíríìsì díẹ̀ sáàrin ètè ńlá àti ètè eruku, kí ẹ sì jẹ́ kí sípíríìnì kọjú sínú. Bí ojú ìta síìlì bá jẹ́ irin lásán, ẹ lè fi gọ́ọ̀mù pa á fẹ́ẹ́rẹ́. Bí rọ́bà ló bò ó, kò nílò rẹ̀. Kò sí ìgbà kankan tí gọ́ọ̀mù gbọ́dọ̀ kan ètè. Níbi tí etí tó mú bá wà lára ọ̀pá, ẹ fi ike fẹ́lẹ́ wé e kí ó má baà gé ètè bí síìlì ṣe ń kọjá. Ẹ wá mú sọ́kẹ́ẹ̀tì ńlá tàbí páìpù tí fífẹ̀ rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ti síìlì, ẹ fi lé e lójú gbọọrọ, kí ẹ máa kàn án díẹ̀díẹ̀ títí yóò fi dé ìwọ̀n tí ẹ kọ sílẹ̀. Ẹni tó ń fi òòlù gbá a lápá ọ̀tún, tí ó tún gbá a lápá òsì, ń ṣe ohun kan tí ojú kò rí: sípíríìnì yóò fò kúrò ní àyè rẹ̀ lẹ́yìn síìlì, níbi tí kò sí ẹni tó lè rí i mọ́, ètè yóò sì jókòó láìsí ohun tó dì í mú. Bí ẹ bá gbà mí gbọ́, ọ̀pọ̀ síìlì tí a bú pé ayédèrú ni, ọwọ́ wa ló já sípíríìnì rẹ̀.

Síìlì ṣáàfù taya kò le láti pààrọ̀, ṣùgbọ́n ohun méjì ló ń mú wa nibẹ̀. Bí a bá ń dá ṣáàfù padà, eyín orí rẹ̀ yóò ya ètè tuntun bí a kò bá gbé e dúró gbọọrọ. Èkejì, ọ́ìlì gíá ti dà sílẹ̀ nígbà tí a yọ ṣáàfù, ẹni tó bá sì gbàgbé láti dá a padà yóò gbọ́ igbe gíábọ́ọ̀sì kí ọ̀sẹ̀ tó parí. Síìlì ẹ̀yìn kíráǹkì ní tirẹ̀ kò wọ́n, iṣẹ́ ọwọ́ ló wọ́n, torí pé gíábọ́ọ̀sì gbọ́dọ̀ wálẹ̀. Ìdí nìyí tí mo fi máa ń sọ fún oníbàárà pé nígbàkigbà tí gíábọ́ọ̀sì bá wálẹ̀ nítorí kílọ́ọ̀ṣì, kí a fi síìlì ẹ̀yìn àti ti ọ̀pá gíá kún un. Bí ọ́ìlì bá sì ti bọ́ sára pálétì kílọ́ọ̀ṣì, fífi epo fọ̀ ọ́ kò ní kí ó di tuntun. Yóò máa yọ̀ bí ọkọ̀ bá ń gun òkè Mápó.

Ẹ ṣọ́ra fún àwọn ọkọ̀ tuntun kan tí síìlì ẹ̀yìn wọn kò ní sípíríìnì, tí ètè wọn jẹ́ ohun funfun tàbí eérú tó le, tí wọ́n ń pè ní PTFE. Irú èyí, gbígbẹ ni a máa ń fi í sí i, a kì í fi ọ́ìlì pa á, a sì ń jẹ́ kí ó jókòó fún wákàtí díẹ̀ kí a tó sítáàtì ẹ́ńjìnnì. Ní ti síìlì orí fáàfù, àmì rẹ̀ ni èéfín aláwọ̀ búlúù tó máa ń yọ nígbà tí a bá sítáàtì ọkọ̀ láàárọ̀, tí yóò sì lọ lẹ́yìn ìṣẹ́jú díẹ̀. Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni ti orí ìyẹn tú ẹ́ńjìnnì yín palẹ̀, a lè pààrọ̀ wọn láìyọ orí ẹ́ńjìnnì. Oògùn inú ike tí wọ́n ń dà sínú ọ́ìlì pé yóò dá jíjò dúró ń mú kí rọ́bà tó le wú kí ó sì rọ̀ fún ìgbà díẹ̀. Ó lè gbé ènìyàn dé ilé. Kò lè dí kòtò ara irin, kò lè ṣí ọ̀nà èémí. Ọ́ìlì tó ki ju èyí tí ìwé ọkọ̀ sọ lọ kò yàtọ̀ sí i.

Lẹ́yìn iṣẹ́, ẹ nu gbogbo ibẹ̀ gbẹ títí àkísà funfun yóò fi jáde ní funfun, ẹ wo gééjì ọ́ìlì, ẹ jẹ́ kí ẹ́ńjìnnì ṣiṣẹ́ títí fáànù yóò fi dá yí, kí ẹ sì tún wò ó. Ẹ wa ọkọ̀ fún ọjọ́ kan. Ní alẹ́, ẹ tẹ́ páálí sábẹ́ rẹ̀, kí ẹ kọ "iwájú" sí ibi tó kọjú sí iwájú ọkọ̀, kí ẹ lè mọ ibi tí ọ́ìlì ti ro bí ó bá ro. Ohun tí mo ní kí awakọ̀ Micra yẹn ṣe nìyí. Ní ọjọ́ kẹjọ, ó gbé páálí rẹ̀ wá sí ṣọ́ọ̀bù lábẹ́ abíyá, ó tẹ́ ẹ sórí tábìlì iṣẹ́ mi, a sì jọ tẹ̀ba wò ó. Eruku ló wà lórí rẹ̀, àti ewé máńgòrò kan.